Àyè ní Iléṣà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù karùn-ún, Dókítà Ọlámilékan pe Wúrà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, ó sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ kò lè ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ibi tí àrùn náà dé, ìrora nìkan ni wọ́n lè máa bá a dín kù. Ilé ìtọ́jú kan wà ní Iléṣà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àwọn tí kò ní padà sílé mọ́ ni wọ́n ń gbà, ibùsùn wọn kò sì ju mẹ́jọ lọ.

“A óò kọ̀wé sí wọn,” dókítà wí. “Àmọ́ àwọn tó ń dúró pọ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta.”

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn á pa wọ́n kí àìsàn tó pa wọ́n.”

Dókítà pa fáìlì ọwọ́ rẹ̀ dé. “Ẹ̀yin lẹ mọ bàbá yín,” ó ní.

Bàbá náà, Nehemiah Ọdúntán, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Bíríkìlà ni ní Iléṣà kó tó di pé ẹ̀yìn kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Wúrà nìkan sì ni ọmọ tó bí. Àbẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Òṣogbo ni Wúrà ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ tí Bàbá ṣubú lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó gbé e wá sí Òṣogbo.

Nígbà tó padà wọlé, Bàbá bi í pé kí ni dókítà wí.

“Wọ́n ní ara yín ti ń yá. Ẹ kàn máa kọ́kọ́ lọ sinmi ní ibì kan ní Iléṣà, kí ẹsẹ̀ yín lè le.”

“Iléṣà dára,” Bàbá wí. Ó gbójú sókè. “Ẹni tó rẹ́ ògiri yìí kánjú. Wo òkè ibẹ̀ yẹn, ó ti ń sán.”

Láti ọjọ́ náà, Wúrà kò lè kúrò ní yàrá yẹn mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹnìkan lè sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn òun. Ó ń sáré wẹ̀, ó ń jẹun lórí ìdúró. Ó bẹ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba fóònù Bàbá, ó ní bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí àsìkò ìbẹ̀wò bá tó, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Ògiri ilé mìíràn ni fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí, ooru ọ̀sán kì í sì í rí ibi jáde.

Ní ọjọ́ kẹrin, Elisha wá láti Iléṣà. Òun àti Bàbá ti jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré. Wúrà dá a dúró, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde. Elisha wò ó títí.

“Mo gbọ́, ọmọ mi,” ó ní.

Ó wọlé, òun àti Bàbá sì sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ fún wákàtí kan. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ Bàbá mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ohun tó le jù fún Wúrà ni ìbéèrè Bàbá.

“Tí mo bá kúrò níbi ìsinmi yẹn, ṣé kí n wá gbé lọ́dọ̀ rẹ díẹ̀?”

“Ẹ máa wá, Bàbá.”

“Yàrá wo ni wàá fún mi?”

“Èyí tó kọjú sí títì.”

“Ṣé atẹ́gùn ń wọ ibẹ̀?”

“Ó ń wọ ibẹ̀ dáadáa.”

Wúrà ní òun ń lọ fọ abọ́. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ra, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tó jáde, Nọ́ọ̀sì Munawwarah wà níbẹ̀.

“Àǹtí, ẹ ò ṣe kúkú sọ fún wọn?”

“Wọn ò lè gbé e.”

“Ẹni tó ń ṣàìsàn máa ń mọ ara rẹ̀, àǹtí.”

“Ẹ ò mọ bàbá mi,” Wúrà wí, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ kọjá.

Àràárọ̀ ló ń gbàdúrà kí àyè yọ ní Iléṣà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àárín àdúrà ló ti rántí ohun tó ń mú kí àyè yọ ní irú ibẹ̀. Ó dìde láìṣe àmín.

Ní ọjọ́ kọkànlá, dókítà ní wọ́n ti pè láti Iléṣà, àyè ti yọ.

“Ṣebí ẹ ní oṣù mẹ́ta?” Wúrà bi í.

“Orúkọ bàbá yín ló kàn.”

Wúrà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò tún bèèrè nǹkan mìíràn. Ó di ẹrù. Nínú ọkọ̀, Bàbá ń wo ìta títí wọ́n fi wọ Iléṣà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ilé tó kọ́ hàn án láti ojú fèrèsé, Wúrà sì ń dáhùn pé òun rí wọn.

Bí ọkọ̀ ti dúró, Wúrà ṣáájú wọlé kí wọ́n tó gbé Bàbá sọ̀kalẹ̀. Ìyá Julianah, àgbà nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀, wà nídìí tábìlì rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ma,” Wúrà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ má jẹ́ kí bàbá mi mọ irú ibi tí ibí jẹ́.”

Ìyá Julianah fa ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró yọ, ó ṣí i dé ojú ewé kan, ó sì rọra yí i sọ́dọ̀ Wúrà.

Oṣù kejì ọdún náà ni Nehemiah Ọdúntán ti wá kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Wúrà ọmọ mi gbọ́, èmi nìkan ló ní.”