Rédíò Káfíńtà

Káfíńtà fa àbúrò rẹ̀ tó máa ń mu sìgá wọ yàrá dókítà. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ń wúkọ́ bí ẹ̀rọ ìlọta, òkè àjà ń mì.

"Dókítà, ẹ bá mi yẹ àyà ọmọ yìí wò! Inú ẹ̀ á ti dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Èmi ò fẹnu kan sìgá rí láyé mi!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń wúkọ́ o."

"Panu dé, ààrò ẹlẹ́sẹ̀ méjì! Òtútù ni."

Ó já ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èémí gbà lọ́wọ́ dókítà, kó lè fi bí ọkùnrin ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn hàn àbúrò rẹ̀. Ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé bọ́ọ̀lù mì, ó fẹ́ ẹ. Atọ́ka ẹ̀rọ náà mira díẹ̀, ó tún padà sùn.

"Ẹ̀dọ̀fóró yín ti bàjẹ́, ó sì ti pẹ́," ni dókítà wí. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Pákó ni mò ń fi ẹ̀rọ họ."

Ó ṣí fìlà. Eruku pákó tú jáde, gbogbo nọ́ọ̀sì ilé náà sín.

"Eruku yìí ló ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́. Ìbòmú tí a pín fún ẹ̀yin káfíńtà ńkọ́?"

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n fi bo rédíò wọn, kí eruku má bà á jẹ́!"

"Ìwọ náà rọra rẹ́rìn-ín, sìgá ò gbàgbé ẹ," ni dókítà sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, káfíńtà tan rédíò. Ohùn rédíò náà já gaara, kò wúkọ́ rárá. Káfíńtà la ẹnu láti bú u, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ò tó èébú.