Ilẹ̀kùn Ara Ògiri

"Ẹ dúró ná, Màmá, ẹ wo apá ọ̀tún!"

Ẹni tó ṣe géèmù náà ló pariwo bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ti tẹ bọ́tìnnì, ọkùnrin inú géèmù sì ti fo ògiri kọjá.

Apá kejìlá géèmù ọ̀hún nìyí. Láti apá kejì ni màmá yìí ti ń kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe é pé ohun kan náà ni wọ́n ń tà fóun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é wá dán èyí wò kó tó jáde. Odindi ọdún méjì ni aṣegéèmù fi kọ́ ìlú tuntun sẹ́yìn ilẹ̀kùn kan lára ògiri yẹn.

Màmá yínmú. "Ògiri àná náà ni. Ṣé ẹ ò lè ronú ni?"

"Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, mà. Ẹ gba ibẹ̀ wọlé."

Ó gba ibẹ̀ wọlé. Ó rìn díẹ̀ nínú ìlú tuntun, ó wá gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Ògiri mi dà? Kí ni màá wá fò níbí? Ẹ ti ba géèmù jẹ́!"

Aṣegéèmù fa kọ̀ǹpútà ẹ̀ mọ́ra, ó pa ilẹ̀kùn rẹ́, ó sì kun ògiri ní pupa.

"Ẹ tún un ṣe, mà."

Màmá fò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ẹ̀ ò pa dé mọ́ fún ẹ̀rín.

"Ẹ̀hẹ́n! Ká ní mi ò kọ lẹ́tà, ṣé ẹ máa ronú kan èyí láéláé? Apá kẹtàlá wá ńkọ́?"

"Búlúù ni, mà."