Olórí Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin

"Kọ̀ǹpútà tèmi ni kó ṣe olórí gbogbo wọn!" Ọ̀gá ọ́fíìsì fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ̀rín pa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so kọ̀ǹpútà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tán. "Ọ̀gá, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọn ò ní olórí. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ kálukú ló fi ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Bíi ti akọ̀wé yìí, ara tiẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Tó bá pa á pẹ́nrẹ́n, ẹnikẹ́ni ò lè tẹ ìwé jáde mọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ sọ lẹ́nu akọ̀wé, ó gbé e mì. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń tọrọ ìsinmi, tí ọ̀gá ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la. Bí ọ̀gá ṣe wọlé lọ báyìí, akọ̀wé tẹ nǹkan wàràwàrà, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ apá.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé tí ọ̀gá fi já jáde, tòun ti òógùn lójú.

"Àwọn àlejò ti dé! Ìwé àdéhùn wọn ò jáde!"

"Kọ̀ǹpútà mi ti lọ sinmi, sà."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ dákun, ẹ bá mi tàn án!"

Àǹtí mi! Akọ̀wé tàn án. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ó pọ bébà kan jáde. Ọ̀gá já a gbà, ó kà á. Lẹ́tà ìsinmi akọ̀wé ni.

"Tiyín ló kàn, sà."

Ó na bírò sí ọ̀gá. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà.