Àgò Onílé Lábẹ́ Òkun

Ara Ìbídùn kò lélẹ̀. Lábẹ́ omi níhìn-ín, ẹnu ọ̀nà ilé tí òkun gbà lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀ ló dúró sí. Ìdánwò àṣejáde ni: kí ó wọlé, kí ó ka iye ẹja inú yàrá, kí ó jáde. Ṣùgbọ́n ẹja ni òfin fún ní ilé tó bá ti rì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, yunifásítì á lé e dànù ni.

“Àgò onílé o,” ó wí sínú ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, èyí tó ń túmọ̀ ohùn ẹja.

Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

“Má kánjú o,” olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Orímisàn, ké sí i nínú ẹ̀rọ náà láti inú ọkọ̀ ojú omi lókè. “Tí àwọn ẹja bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, nọ́ńbà ìdánwò rẹ nìkan ni kí o sọ.”

Ibo ni sùúrù wà? Atẹ́gùn inú àgbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń tán lọ.

“Àgò o! Àgò!”

Ẹja ńlá kan yọjú lójú fèrèsé, ó kùn. Ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀: “Ta nìyẹn?”

Ìbídùn gbàgbé nọ́ńbà pátápátá. “Èmi ni, ọmọ onílé.”

Ẹja náà wò ó títí, ó tún kùn.

“Irọ́ ni. Gbogbo ọmọ mi ló wà nílé.”