Nọ́ńbà Tí Ládépò Ní Kí A Má Fọwọ́ Kàn

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí Ìyá Ládépò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù láti Ìlọrin. Ó ní kí ìyá ṣí ojúùwé ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, kí ó pa nọ́ńbà tí ráútà fi ń béèrè ọ̀nà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ́, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìyá ṣí i, àmọ́ ara fu ú. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta la fẹ́ lọ bi? Ládépò fúnra rẹ̀ ló fi nọ́ńbà yìí síbẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àti pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀ kò kí i lónìí.

Ó fi oríkì pè é wò. "Àkànní, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Ẹ tẹ nọ́ńbà tuntun náà wọlé, Màámi."

Ìyá pa fóònù, ó sì fa wáyà ráútà yọ lára ògiri. Síbẹ̀, iná kékeré ara ráútà kò kú. Ó ń ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ohun tó gbàgbé.

Ni ohùn Ládépò bá jáde láti inú rẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."