Ẹyẹ Mẹ́fà fún Sussex

Aránṣọ náà ń fi òwú aláwọ̀ wúrà rán ẹsẹ̀ sí ìdí ẹyẹ tó wà lára àsíá búlúù kan nígbà tí signora, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn ní Novara, ní ilẹ̀ Ítálì, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lò ń rán síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹsẹ̀ ni, signora. Ẹni tó ya àwòrán yìí gbàgbé ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ náà."

Signora já àsíá náà gbà. "Ta ló gbàgbé? Àsíá Sussex ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì! Ẹyẹ mẹ́fà tí kì í bà sílẹ̀ láéláé ni. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lẹ́sẹ̀. O ti ba gbogbo iṣẹ́ òní jẹ́!"

Aránṣọ náà yíjú sí Ọlábùnmí tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, contratto kan ṣoṣo, ìwé àdéhùn iṣẹ́, ni àwọn méjèèjì sì jọ ń retí. Ọlábùnmí ló gbà á nímọ̀ràn láàárọ̀ pé kó fi ẹsẹ̀ sí i, pé inú ọ̀gá á dùn.

"Mo kìlọ̀ fún wọn, signora," ni Ọlábùnmí wí. "Wọn ò gbọ́."

"Kó ẹrù rẹ," ni signora sọ fún aránṣọ náà, ó ju àsíá náà sórí tábìlì, ó sì jáde.

Aránṣọ náà ń kó òwú rẹ̀ sínú àpò. "Ọlábùnmí, àbí ìwọ náà ò mọ̀ ni?"

"Àǹtí, ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ní Sussex kí n tó wá síbí."

Ọlábùnmí mú àlùmọ́gàjí, ó fa àsíá náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ náà, ó ń kọ orin ọpẹ́ jẹ́jẹ́.