Sàláàdì Àáfà

Ìyàwó ń po ẹyin àti ẹran adìẹ tó gé wẹ́wẹ́ mọ́ ewé sàláàdì nígbà tí ọkọ rẹ̀ ké láti pálọ̀: "Àáfà ti dé láti Ìlọrin o! Gbé oúnjẹ wá!"

Oòrùn Sókótó ti pa adìẹ náà kí ìyàwó tó dúńbú rẹ̀.

Ó gbé àwo sàláàdì náà síwájú Àáfà. Àáfà ṣe bísímílà. Ìyàwó já àwo náà gbà, ó dà á sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ ti pọ̀ jù."

"Ẹ ò rí i? Kò mọ oúnjẹ sè!" ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ìyàwó ń ṣà á nílẹ̀, ojú ń tì í. Ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tì í, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́: "Mo rí ọ nígbà tí o ń dúńbú òkú adìẹ. Ẹ̀wà mi ti jinná lẹ́yìnkùlé. Lọ bù ú wá."